Kọ̀ǹpútà Tó Bi Ọ̀gá Léèrè

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹ̀rín, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, torí irú ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí pọ̀ káàkiri, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn dúró sẹ́yìn àga yín báyìí.

Ọkùnrin náà ni Olùdarí Àgbà Ilé-iṣẹ́ Iná Títì. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kò le rárá: bí ilẹ̀ bá ṣú, kí iná ojú títì tàn, bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ó kú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lójú lè ṣe é. Ṣùgbọ́n Olùdarí Àgbà kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá kí àwọn ènìyàn lè ráyè dìde, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àgbá. Nígbà tó kọ́kọ́ gorí àga, ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i pé àwọn iná náà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kì í jáde nílé bí oòrùn bá ti wọ̀ sì ni. Nítorí náà, ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa tan gbogbo iná títì lọ́sàn-án gangan, kí òun lè máa rí wọn bí òun bá ń lọ jẹun. Tó bá di alẹ́, kí wọ́n pa wọ́n, kí àwọn náà lè sinmi.

Ẹnjiníà kan dìde nínú ìpàdé ọjọ́ náà, ó sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó dá yín lójú?"

Wọn ò jẹ́ kó jókòó padà. Láti orí ìdúró yẹn ni wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kun òpó iná. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ òfin tuntun sára ògiri lókè àga Ọ̀gá, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: A KÌ Í BI Ọ̀GÁ LÉÈRÈ. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Má-Bi-Mí nìyẹn, lẹ́yìn rẹ̀ ni o, kì í ṣe lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Má-Bi-Mí ṣàkíyèsí pé àwọn tí kò lè béèrè ọ̀rọ̀ mọ́ ti ń fi "ṣùgbọ́n" ṣe àbùjá. Ó fòfin dè é pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n aláàánú èèyàn ni, ẹ má bínú sí i. Ó ní ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá lè ṣe kó má ní "ṣùgbọ́n" nínú, kí olúwarẹ̀ jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó sọ apá tí "ṣùgbọ́n" wà níbẹ̀, kó sì padà wọlé wá sọ ìyókù. Ohun tí a bá sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òfin ní Ọ̀gá kò gbọ́ ọ. Bí ẹ bá dé ilé-iṣẹ́ náà nígbà ìpàdé, ẹ ó rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde bí eéṣú.

Ẹni tí kì í jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rárá ni Igbákejì. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kò ní "ṣùgbọ́n" nínú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Òun ló dá ètò àtẹ̀gùn sílẹ̀. Láràárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, bí Ọ̀gá bá sì gbé ẹsẹ̀, Igbákejì á kígbe pé, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún!" Àwọn yòókù á dáhùn pé, "Ó balẹ̀ ire!" "Ẹsẹ̀ òsì!" "Ó balẹ̀ ire!" Títí wọn á fi dókè. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá fẹsẹ̀ kọ, Igbákejì yọ bàtà tirẹ̀, ó fi na àtẹ̀gùn.

Kí ni irú ọkùnrin báyìí tún ń wá láyé? Àga kan ni. Àga Màmá Alága ni.

Màmá Alága ni olórí gbogbo ilé-iṣẹ́ ìlú, obìnrin arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tí etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ohun gbogbo. Ìròyìn ti jáde pé ó fẹ́ fẹ̀yìn tì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì dárúkọ ẹni tí yóò jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Má-Bi-Mí kò rí oorun sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ tó ti gbọ́ ọ. Ó fẹ́ àga náà débi pé bó bá jókòó sórí tirẹ̀, ṣe ló máa ń rò pé wọ́n ń fìyà jẹ òun.

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kan fún yín báyìí, kí ẹ má bàa sọ pé mo fi pamọ́. Lójoojúmọ́, tí àwọn ènìyàn bá lọ jẹun ọ̀sán, Má-Bi-Mí a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́, èyí tó ní ojú tó ń ya fídíò, á sì máa ká ohùn ara rẹ̀ sí i. Ó ya fídíò bí òun yóò ṣe dúpẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi òun jẹ Alága. Ó ya bí òun yóò ṣe ṣe bí ẹni pé òun kò fẹ́ ẹ kí òun tó gbà. Lẹ́yìn náà ló wá rò ó pé níbi ìsìnkú èèyàn ńlá ni a ti ń mọ èèyàn ńlá mìíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ìsìnkú Màmá Alága dánra wò. Màmá kò ṣàìsàn o! Orí lásán kò fọ́ ọ. Síbẹ̀, Má-Bi-Mí ti ya ẹkún mẹ́ta sílẹ̀ dè é: Ẹkún Jẹ́jẹ́, Ẹkún Àgbàlagbà, àti Ẹkún Àṣubúlẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dán Ẹkún Àṣubúlẹ̀ wò nílé, ìyàwó rẹ̀ rò pé ìyá òun ló kú, òun náà sì ké. Torí pé ó fẹ́ràn ètò, ó lẹ àwòrán ojú Màmá mọ́ fídíò kọ̀ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, kó má bàa ṣì wọ́n mú lọ́jọ́ náà.

Báyìí ni nǹkan ṣe wà nígbà tí àṣẹ Màmá Alága dé. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wá fún ilé ìkàwé ìlú, kí àwọn ọmọ tí kò ní lè máa rí i lò. Níbi ayẹyẹ náà gan-an ni òun yóò ti dárúkọ ẹni tí yóò gba àga òun. Ó wá fi kún un pé: "Kí kálukú pa nǹkan ara rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú rẹ̀ kó tó gbé e wá o. Ilé tí a bá fẹ́ fún àlejò, a máa ń kọ́kọ́ kó ẹ̀wù wa kúrò nínú rẹ̀."

Má-Bi-Mí yan kọ̀ǹpútà tirẹ̀ gan-an. Ó ní ẹ̀bùn tí kò bá ti ọwọ́ òun wá kì í ṣe ẹ̀bùn.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sínú ọ́fíìsì rẹ̀ láti wá wo bí wọn yóò ṣe pa nǹkan inú kọ̀ǹpútà rẹ́. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá dìde, ó wúkọ́, Igbákejì sì pàtẹ́wọ́ fún ikọ́ náà.

"Kọ̀ǹpútà," ni Má-Bi-Mí wí, "ìwọ tí o ń rí ojú mi láràárọ̀! Ta ni nínú ẹgbẹ́ rẹ ló rí irú oore yìí? Àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn ń rí ojú akọ̀wé. Àwọn mìíràn ń rí ojú ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìwọ, ojú mi ni! Lónìí, mo fẹ́ gba ìrántí rẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ. Má sunkún. Bí o tilẹ̀ gbàgbé mi, ìtàn kò ní gbàgbé mi."

"Haa! Ọ̀rọ̀ rèé o!" Igbákejì ń fi ìgbànú rẹ̀ nu ojú torí kò rí áńkáṣíìfù mú. "Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn!"

Akọ̀wé ló jókòó síbi bọ́tìnnì rẹ̀. Obìnrin yìí ti wà nílé-iṣẹ́ náà tipẹ́, ó sì ti mọ bí a ti í béèrè ọ̀rọ̀ láìbéèrè.

"Mo fẹ́ gbà pé gbogbo rẹ̀ pátá la máa pa rẹ́, sà," ó ní.

"Gbogbo rẹ̀ pátá!"

Akọ̀wé tẹ ohun tó yẹ kó tẹ̀. Kọ̀ǹpútà rò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan yọ sójú rẹ̀, àpótí kékeré méjì sì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan ní Bẹ́ẹ̀ Ni, èkejì ní Bẹ́ẹ̀ Kọ́.

"Kà á sókè," Ọ̀gá pàṣẹ.

Akọ̀wé kà á. "Ó ní, 'Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ fẹ́ pa gbogbo èyí rẹ́?'" Ohun tí kọ̀ǹpútà kọ gan-an ni "ṣé ó dá ọ lójú," ṣùgbọ́n Akọ̀wé ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀.

Má-Bi-Mí wo kọ̀ǹpútà. Ó wo òfin tó wà lára ògiri. Ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Ta ló ń bi léèrè?"

"Ó jọ pé ẹ̀yin ni, sà," ni Igbákejì dáhùn, ó sì gbé ọwọ́ lérí. "Ẹnu ẹ̀ gbà á! Wọn ò kọ́ ọ nílé!"

"Èmi? Bóyá ó dá mi lójú? Èmi tí mo pa iná gbogbo ìlú lálẹ́, tó sì dá mi lójú ṣáká?"

"Ṣùg..." Akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu. Ó dìde, ó sáré jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo yàrá gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, gẹ́gẹ́ bí òfin ti là á kalẹ̀: "Ṣùgbọ́n bí a ò bá tẹ Bẹ́ẹ̀ Ni fún un, kò ní pa nǹkan kan rẹ́ o! Gbogbo ẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀!" Ó padà wọlé, ó jókòó, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. "Sà," ó ní.

Ọ̀gá kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Bí mo bá dá ẹ̀rọ yìí lóhùn lónìí, lọ́la á bi mí pé níbo ni mo ti ń bọ̀. Lọ́tùúnla á ní kí n mú ìwé wá. Mi ò ní sọ Bẹ́ẹ̀ Ni fún ohun tí wáyà wà nídìí rẹ̀. Akọ̀wé, tẹ Bẹ́ẹ̀ Kọ́ fún un, kó mọ̀ pé a ò sí lábẹ́ òun!"

Akọ̀wé tẹ Bẹ́ẹ̀ Kọ́. Ìbéèrè náà sì pòórá lójú kọ̀ǹpútà wàrà.

"Ẹ rí i bó ṣe panu mọ́!" Ọ̀gá fi ọwọ́ lu tábìlì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún kọ̀ǹpútà ní kúẹ́rì, pé kó ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n bá a wí fún àfojúdi sí ọ̀gá àgbà. Wọ́n fún un láàyè di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Kò fèsì. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri.

Igbákejì wá ní kí wọ́n wẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi kàn-ìn-kàn-ìn tútù nu ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi òwú nu àárín bọ́tìnnì rẹ̀, wọ́n sì fín lọ́fínńdà sí i títí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín. "Ó ti mọ́ nìyẹn, sà," Igbákejì wí. "Bí òde ti mọ́, bẹ́ẹ̀ ni inú mọ́." Akọ̀wé kò sí níbẹ̀. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó Má-Bi-Mí ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù ọkọ rẹ̀ nínú pálọ̀. Ìyá Ìbejì kò ga, kì í pariwo, òun nìkan sì ni òfin ara ògiri kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì," ó ní, "kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fẹ́ fún wọn lónìí, ṣé ẹ ti yọ àwọn ẹkún yẹn kúrò níbẹ̀?"

"Ìyá Ìbejì, kí ni òfin ilé-iṣẹ́ mi?"

"Ilé-iṣẹ́ yín nìyẹn. Ilé mi rèé. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló wà lọ́wọ́ mi yìí, kóòtù yín ló sì wà lábẹ́ ẹ̀. Ṣé ẹ ti yọ wọ́n?"

Má-Bi-Mí wo kóòtù rẹ̀ kan ṣoṣo tó dára. "Mo ti fìyà jẹ ẹ́," ó ní.

"Ẹ fìyà jẹ ta ni?"

"Kọ̀ǹpútà náà. Ó ṣe àfojúdi. A fún un ní kúẹ́rì, a wẹ̀ ẹ́, a fín lọ́fínńdà sí i."

Ìyá Ìbejì gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó jẹ erùpẹ̀. "Bàbá Ìbejì, tí mo bá fọ ẹ̀yìn ìkòkò, ṣé ọbẹ̀ inú ẹ̀ ti tán nìyẹn?"

Má-Bi-Mí dìde fùú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rù bà á. Ó rò ó pé kí òun sáré lọ sí ọ́fíìsì, kí òun ṣí kọ̀ǹpútà náà wò kí ọkọ̀ tó wá gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn. Àmọ́ bó bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò, á jẹ́ pé kò dá a lójú. Bí kò bá sì dá a lójú, á jẹ́ pé ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà bi í lánàá tọ́. Má-Bi-Mí kò lè gba ìyẹn láéláé. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó sì lọ síbi ayẹyẹ.

Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kún. Wọ́n ti ti àwọn pẹpẹ ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì ti so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde sára ògiri funfun, kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Màmá Alága jókòó níwájú, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà kan dé, Olùtọ́jú Ilé Ìkàwé, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń rọra sọ̀rọ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀, á tàn án. Ògiri á funfun báláú, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀. "Ó ṣófo bí ilé tuntun," Màmá á wí. "Ẹ ṣeun." Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi, ti pápá ìṣeré, ti títì, gbogbo wọn ni wọ́n ti kọjá.

Ó wá kan Ilé-iṣẹ́ Iná Títì. Òórùn lọ́fínńdà ló kọ́kọ́ wọlé, kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e, ikùn Má-Bi-Mí tẹ̀ lé kọ̀ǹpútà, òun fúnra rẹ̀ ló dé kẹ́yìn. Màmá sín. Igbákejì pàtẹ́wọ́ fún un.

"Màmá wa, ìmọ́lẹ̀ wa, òpó wa tí kò ní wó!" ni Má-Bi-Mí fi bẹ̀rẹ̀. "Àwọn kan mú kọ̀ǹpútà wá. Èmi, ara mi ni mo mú wá! Mo kí àwọn ọmọ tí yóò lò ó, ọmọ wọn, àti ọmọ ọmọ wọn, nítorí ibi tí ìka ọwọ́ mi bá ti kàn, ọgbọ́n ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí ohun tí mo fi pamọ́ fún yín láyé mi. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọkàn mi sí yín, ẹ wo inú kọ̀ǹpútà yìí!"

"Ó dáa," Màmá wí. "Ẹ tàn án, ká wo ọkàn Ọ̀gá."

Olùtọ́jú Ilé Ìkàwé tàn án. Ògiri kò funfun báláú. Àwòrán kéékèèké ló tò síbẹ̀ lọ rẹrẹ, ojú kan náà ló sì wà lára wọn. Màmá na ọrùn síwájú, ó fún ojú rẹ̀ pọ̀.

"Ojú ta nìyẹn? Ó jọ mí."

Má-Bi-Mí ti gbé ẹsẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n kó tó lanu, Igbákejì ti fò síwájú. Apọ́nni kì í wojú ọjọ́. "Ẹ̀yin ni, mà! Ẹ̀yin gan-an ni! Ẹ wo ìfẹ́, ẹ̀yin ènìyàn! Ọ̀gá wa kò lè ṣiṣẹ́ láìwo ojú Màmá! Ẹ bá wa ṣí ọ̀kan, bàbá, kí ayé wá rí bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn àgbà!"

Olùtọ́jú Ilé Ìkàwé yíjú sí Màmá. "Nǹkan onínǹkan ni, mà. Ṣé ó dá yín lójú pé kí n ṣí i?"

"Abéèrè kì í ṣìnà," Màmá wí. "Ó dá mi lójú. Ṣí i."

"Màmá, ṣùgbọ́n..." Má-Bi-Mí kígbe.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ Ilé-iṣẹ́ Iná Títì yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Igbákejì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńláńlá, lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Ó tẹrí ba. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyí, sà."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, òfin tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í bi orí léèrè kó tó tẹ̀ lé e. Má-Bi-Mí jáde. Ó ti dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán kó tó mọ ibi tó wà, ilẹ̀kùn sì ti padé mọ́ ọn lẹ́yìn. "Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí i o!" ó ń pariwo níbẹ̀. "Ẹ má ṣí i! Mo bẹ̀ yín!" Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ kedere. Kò sí èyí tó gbọ́ ọ nínú wọn, òfin kò gbà á.

Má-Bi-Mí mìíràn sì yọ lára ògiri, ó tóbi ju ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó di áńkáṣíìfù dúdú mú.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Erin wó. Màmá Alága ti lọ." Ó fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ó dúró. Ó wo áńkáṣíìfù náà. "Rárá, gbígbẹ ni. Kò sí omi níbẹ̀." Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú àlùbọ́sà jáde, ó fi ra ojú méjèèjì. "Erin wó! Yéè! Àlùbọ́sà yìí ti pọ̀ jù. Yéè, Màmá! Ta ni yóò máa bá wa wí? Ta ni yóò máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá?" Ó mú agboòrùn kan, ó fi ṣe ọ̀pá, ó tẹ ẹ̀yìn, ó sì ń rìn yíká ọ́fíìsì bí Màmá ṣe ń rìn gẹ́lẹ́. "'Ó dáa, ó dáa, ẹ ṣeun, ta ló gbé bisikíìtì mi?' Ìyá yìí pẹ́ lórí àga yẹn jù, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó yá, Àṣubúlẹ̀!" Ó na ọwọ́ sókè, ó ké tòò, ó ṣubú lé àga, àga sì dá sí méjì. Láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, a gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń sọ pé, "Pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn, mo gba ipò yìí."

Ògiri padà funfun. Igbákejì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè láti pàtẹ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ó fi ń họ orí.

Èjìká Màmá Alága bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn tó wà nítòsí rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí wọ́n fi ń fún un lómi mu.

"Ẹ tún un gbé sí i," ó ní nígbà tó rí ohùn lò. "Mo fẹ́ tún ìsìnkú mi wò. Kò sí ẹni tó ń rí irú ẹ̀."

Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n pe ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé. Má-Bi-Mí wọlé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, orí rẹ̀ ló ṣáájú, ikùn rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Ọjọ́ a bá kú là á dère," Màmá wí. "Èmi, ẹ ti sọ mí dère láàyè, mo dúpẹ́. Ẹkún tẹ́ ẹ fi ṣubú yẹn ló dáa jù. Ṣùgbọ́n mo sọ pé kí kálukú pa nǹkan tirẹ̀ rẹ́. Kí ló dé tẹ́ ò pa á rẹ́?"

"Ó... ó bi mí léèrè, mà."

"Ta ló bi yín?"

"Kọ̀ǹpútà náà, mà. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú."

"Kí lẹ wá sọ?"

Má-Bi-Mí wo ilẹ̀. "Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Haa," Màmá wí, ó sì rọra mi orí. "Ẹ jẹ́ ká yin kọ̀ǹpútà yìí. Òun nìkan ló rí òótọ́ gbà lẹ́nu yín."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Igbákejì ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù, ó ń lu itan, ó ń pariwo pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni òun ti mọ̀ pé irú ọkùnrin yìí kò dáa. Màmá wò ó, ó ní kó lọ mú búrọ́ọ̀ṣì, òpó iná pọ̀ nílùú. Ó ní kí ẹnjiníà tó ń kun wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá, kó wá bójú tó Ilé-iṣẹ́ Iná Títì. Nípa àga tirẹ̀, ó ní láti ìgbà tí òun ti rí ìsìnkú òun lónìí, ara òun ti le sí i, òun kò fẹ̀yìn tì mọ́.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ó bi Má-Bi-Mí. "Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kún yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé yìí, gbogbo wọn ló ní nǹkan onínǹkan nínú. Ẹ máa bá wa pa á rẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé yàrá tí kò ní fèrèsé púpọ̀, tí kọ̀ǹpútà tò sí láti ìsàlẹ̀ dókè àjà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà kan bi í bóyá ó dá a lójú. Má-Bi-Mí ká apá mọ́ àyà, ó kọ̀, kò dáhùn. Kọ̀ǹpútà náà kò bínú. Ó ń dúró dè é. Wọ́n wo ara wọn títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Nígbà tó yá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé kò sí ẹni tó ń wo òun, ó sì tẹ Bẹ́ẹ̀ Ni. Òkè kò ya. Ilẹ̀ kò là. Nǹkan inú kọ̀ǹpútà náà kàn parẹ́ ni, Má-Bi-Mí sì gbé e kalẹ̀, ó gbé òmíràn. Òun náà bi í.

Nígbà tó fi máa pẹ́ díẹ̀, Olùtọ́jú Ilé Ìkàwé a máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta: "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó dá mi lójú. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ ṣeun." Ó ti ń fi "ẹ" bá wọn sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ ṣú kó tó jáde. Ìyá Ìbejì ló wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, àwọn iná títì ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí wọn, gbogbo títì sì mọ́lẹ̀ títí lọ dé ìkóríta. Àwọn ènìyàn ń rìn lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń kí ara wọn. Ọkùnrin náà dúró, ó gbójú sókè. Kò tíì rí wọn lálẹ́ rí láyé rẹ̀.

Ó wo iná, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́," ni Ìyá Ìbejì dá a lóhùn, ó sì fà á lọ́wọ́ lọ sílé.